Bí Olújìnmí Ṣe Fi Nọ́ńbà Sí Ìlà Ìbídùnní

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2021, Ìbídùnní ìyàwó mi kú.

Ẹ yà lọ́nà fún Olújìnmí, àbúrò rẹ̀! Olújìnmí ọmọ Ajétúnmọbí tí ó tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kánsù ṣe fún ọgbọ̀n ọdún láìsọ ìdè kan nù, ọmọ-ọmọ Láńrewájú tí ó mọ gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò lórúkọ. Akọni tí ń fi okùn so jígí mọ́ ọrùn bí ẹni so idà mọ́ ìbàdí, erin tí ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ kọ̀ǹpútà tí tábìlì fi ń mì tìtì!

Ní ilé wọn, bí òkú bá pé ogójì ọjọ́, gbogbo ọmọ ilé a dìde ka oríkì ilé, kálukú láti ìlà tí a yàn fún un dé ìlà tí a ní kó dúró. Ẹni tó bá wọ inú ìpín ẹlòmíràn, ọdún kan gbáko ni wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbídùnní ló kọ oríkì náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó sọ fún mi pé igba ìlà ó lé méjì ni. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo kà á, ó jẹ́ igba ó lé mọ́kàndínlógún. Ìyá Bádé, ẹ̀gbọ́n wọn, fi bírò kà á, ó rí igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹlòmíràn bá ti fi ọ̀rọ̀ kún un, mi ò ní mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀," ni Olújìnmí wí.

"Fún ta? Ìwọ tó ka ẹran inú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lánàá, tó ní ọ̀kan sọnù?"

Akọni gbé jígí rẹ̀ sójú. Ó gun àga oníke bí balógun gun ẹṣin, ó ṣí ojú dúdú kọ̀ǹpútà níbi tí kò sí àwòrán, tó jẹ́ àṣẹ nìkan là ń kọ síbẹ̀. Ó kọ lẹ́tà méjì péré, n àti l, ó fi orúkọ fáìlì tẹ̀lé e, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Kí ènìyàn tó sín, àwọn nọ́ńbà ti tò sí apá òsì bí ọmọ ogun níwájú ọba. Èyí tó gbẹ̀yìn ni igba ó lé méjì.

Ìyá Bádé nawọ́ sí i. "Ibí ńkọ́? Kò ní nọ́ńbà."

"Òfìfo ni, ẹ̀gbọ́n. Àṣẹ yìí kì í ka ìlà tí kò ní ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni Àǹtí ti ń mí. Ẹ̀yin ka gbogbo rẹ̀, Bàbá Kọ́lápọ̀, ọkọ Àǹtí, ka díẹ̀ nínú òfìfo náà."

"Èémí ni mo ń kà látàárọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé bírò sílẹ̀.

Kí gbogbo ilé gbọ́, kí ìlú gbọ́: Olújìnmí kò pa ènìyàn, kò sun abúlé, lẹ́tà méjì ló fi ṣẹ́gun, ìlà kan kò sì sọnù.

Ohun tí Ìbídùnní fi sílẹ̀: jígí kan tí apá rẹ̀ ti kán, ife tíì aláwọ̀ ewé, èmi, ìlà igba ó lé méjì, àlàfo mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí kò ní nọ́ńbà.