A Ti Fòfin De "A Dúpẹ́" Nílé Ìwòsàn Ìdí-Agbọn

Gbàǹgàn! Gbàǹgàn! Gbàǹgàn!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Agbọn, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tí etí rẹ̀ bá di, kó fi imú gbọ́! Ẹni tó bá wà nínú ilé, kó yọjú! Ẹni tó bá ń wẹ̀ lọ́wọ́, kó ṣan ọṣẹ ojú kó jáde, ara yòókù lè dúró!

Èmi ni Fáníyì Ohùn-Àrá, akéde ìlú yìí. Bí ẹ ò bá mọ̀ mí, ẹ lọ bi òkè tó wà lẹ́yìn ọjà. Àárín ọjà ni òkè yẹn wà tẹ́lẹ̀. Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sún sẹ́yìn. Títí dòní, kò tíì padà! Ẹja inú odò, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìbànújẹ́ ò mọ ilé mi! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, omi ò bọ́ lójú mi rí. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi pàápàá, agbẹ̀bí ló ń sunkún, èmi ni mo ń pẹ̀tù sí i. Bí mo bá sùn, adìyẹ a yé sórí àyà mi, a sàba, a pamọ, mi ò ní mira! Ẹyin mẹ́rìnlá! Gbogbo òròmọdìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri ìlú yìí, orí àyà mi ni wọ́n ti jáde nínú ẹyin!

Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Bàbá Télọ̀, ẹ̀yin ni? Ẹ gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ yín kó má baà gún yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń rán ṣòkòtò kan ṣoṣo fún mi láti Iléyá èṣí!

Gbàǹgàn! Ọ̀rọ̀ Kábíyèsí dé!

Ẹ mọ ilé ìwòsàn kékeré wa. Ẹ mọ Nọ́ọ̀sì Fẹ́híntọlá tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ mọ Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán náà, agbaninímọ̀ràn tí ìjọba rán wá láti máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ènìyàn. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa! Ẹ ò kàn fẹ́ kí wọ́n bá yín lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Odidi ọdún kan ni ọkùnrin yẹn fi jókòó sí yàrá ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, tẹ́ ẹ sọ ibẹ̀ ní Yàrá Wèrè. Ta ló lọ? Kò sẹ́ni tó lọ! Ewúrẹ́ nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Ó gba ewúrẹ́ nímọ̀ràn, ó gbà wọ́n nímọ̀ràn títí. Lónìí, kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó ewúrẹ́ ìlú yìí. Ẹ lé e nídìí iṣu, kì í sá mọ́. Á kàn wò yín lójú bíi pé ó ń bi yín pé kí ló ń bí yín nínú gan-an.

Nítorí náà, Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè jókòó, wọ́n sì pàṣẹ. Ìwé rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi. Mo mọ ìwé kà! Pírámárì tírì ni mo ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀!

Àṣẹ kìn-ín-ní! Wọ́n ti kó Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán kúrò lábẹ́ máńgòrò. Ó ti dé iwájú! Òun àti nọ́ọ̀sì ti jọ wà pọ̀, kọ́tìnì kan ló wà láàárín wọn. Bẹ́ǹṣì kan! Káàdì kan! Ilẹ̀kùn kan! Ẹni tí orí ń fọ́ àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọn ó jókòó sí, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ èwo ni èwo. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá rí tó ju agbára abẹ́rẹ́ lọ, yóò pe agbaninímọ̀ràn sí i. Ohun tí agbaninímọ̀ràn bá gbọ́ tó ju agbára ọ̀rọ̀ lọ, yóò pe nọ́ọ̀sì sí i. Ẹni tó bá tún pe ibẹ̀ ní Yàrá Wèrè, ṣíbí tíì ni yóò fi ro gbogbo ọgbà ilé ìwòsàn! Ṣíbí tíì! Nígbà òjò!

Àṣẹ kejì! Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Láti òní lọ, a ti fòfin de "A dúpẹ́" nílé ìwòsàn! Mo tún un sọ! A ti fòfin de "A dúpẹ́"!

Ẹ̀yin ará Ìdí-Agbọn, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi "A dúpẹ́" pa ara yín tán. Atẹ́gùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ká òrùlé lọ lórí yín, wọ́n ní ṣé dáadáa ni, ẹ ní "A dúpẹ́." Ọkùnrin kan láti Òkè-Odò wọ ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ejò ṣì ń fì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò tíì tú eyín. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ara ńkọ́?" Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ẹnu ya ejò fúnra rẹ̀, ibi tí ẹnu ti yà á ló ti jábọ́!

Ó tó gẹ́ẹ́! Gbogbo "A dúpẹ́" tó wà lẹ́nu yín, ẹ fi í sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ óò gbà á padà tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé. Ẹni tó wá nítorí ibà, ẹni tó wá nítorí ẹ̀yìn ríro, ẹni tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, gbogbo wọn ni nọ́ọ̀sì yóò bi ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé oúnjẹ ń lọ? Kí ló wà lọ́kàn yín? Òótọ́ ni kẹ́ ẹ fi dáhùn! Ẹni tó bá ní "A dúpẹ́," wọn ó tún un bi. Wọn ó tún un bi! Ẹni tó bá ṣorí kunkun, wọn ó mú un jókòó ti ìyá ìyàwó rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú!

Àṣẹ kẹrin!

Kí lẹ wí? Ẹ ní kẹta ńkọ́? Kẹta wo? Ikán ti jẹ ẹ́. Ikán ìlú yìí burú! Wọ́n fo kejì, wọn ò fọwọ́ kan kẹrin, ẹ̀kẹta nìkan ló wù wọ́n jẹ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ!

Àṣẹ kẹrin! Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tí yóò yọjú lójú fèrèsé láti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹni tó bá yọjú, ibẹ̀ ni yóò dúró sí bí òpó, wọn ó máa sá aṣọ sí i lọ́rùn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ìró bo orí, tẹ́ ẹ ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí wọ́n bá rí yín tẹ́ ẹ ní epo pupa lẹ wá rà, ẹ jáwọ́! Ilé ìwòsàn ò ta epo!

Àṣẹ karùn-ún! Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tí yóò bi ọkùnrin dúdú kan, tó ga, tí orí rẹ̀ tóbi díẹ̀, pé ibo ló wà láàárọ̀ Ọjọ́rú. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Orí ńlá pọ̀ ní ìlú yìí. Ẹni tó bá bi í, òun ni yóò ru òkè ẹ̀yìn ọjà padà sí àyè rẹ̀!

Àṣẹ kẹfà! Ọkùnrin tó bá sunkún nílé ìwòsàn, àlùbọ́sà ló wà lápò rẹ̀. Ẹ yẹ àpò wò, kò sí àlùbọ́sà? Ó ti wà níbẹ̀ rí!

Àṣẹ keje! Ìró ńlá tó mi páànù ilé ìwòsàn ní Ọjọ́rú, àrá ni! Àrá ló sán! Mo tún un sọ, àrá ni!

Ẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn la wà? Ẹ ní kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run? Bàbá Télọ̀, ojú ọ̀run lẹ ń wò, ta ló wá ń rán ṣòkòtò mi? Ẹ ní Kábíyèsí ò mọ nǹkan kan nípa àlùbọ́sà? Ẹ ní àṣẹ mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí ń rùn bí ẹnu Fáníyì?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣì mọ ohun tó ṣe Bàbá Láwọyin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Àwọn ló ń lu agogo yìí kí n tó dé. Ọmọ wọn kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ lọ́nà oko. Ẹ ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú kì í gbé agogo ìlú, àṣà wa ni. Ẹ gba agogo lọ́wọ́ wọn láàárọ̀, ó dọ́wọ́ mi kó tó dọ̀sán. Mo sì na ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá ń gbé agogo ò gbọdọ̀ ní nǹkan kan lọ́kàn. Àyè ẹ̀ ò sí!

Ẹ dúró ná. Nọ́ọ̀sì Fẹ́híntọlá ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ yà fún wọn. Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ̀yin ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

NỌ́Ọ̀SÌ, Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ SỌ FÚN WỌN PÉ ÈMI NI MO SUNKÚN LỌ́DỌ̀ YÍN NÍ ỌJỌ́RÚ!

Kí ló dé tí gbogbo yín tún yíjú padà? Ẹ gbọ́ ni? Mo rọra sọ ọ́ o! Bí mo ṣe ń rọra sọ̀rọ̀ nìyẹn! Kí lẹ wí, Nọ́ọ̀sì? Ẹ ní ẹ ò wá nítorí mi? Ẹ ní aṣọ iṣẹ́ yín lẹ wá gbà lọ́wọ́ Bàbá Télọ̀? Ẹ ní ọ̀rọ̀ tẹ́nìkan bá sọ lọ́dọ̀ yín kò ní ti ẹnu yín jáde láéláé? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó la ẹnu mi!

Yéè! Bàbá Télọ̀, ẹ fún mi níwèé mi! Ẹ gbà mí o, wọ́n ti já a gbà. Wọ́n ti gbé dígí wọn sójú. Wọ́n ti rí ẹ̀kẹta. Wọ́n ń kà á síta!

"Ẹni tó bá lọ bá agbaninímọ̀ràn, a kò ní gba oyè rẹ̀, a kò ní gba iṣẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ oko ló ń ro, ì báà jẹ́ agogo ló ń lù. Akéde tó ń ka ìwé yìí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìlú pé òun lọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí fún wa."

Ó dáa. Èmi ni ikán. Mo ti sọ fún Kábíyèsí pé mo lọ, mo sì ṣèlérí lóòótọ́. Mo mọ̀ pé àṣẹ yẹn fẹ́ gbà mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ó bá fà jáde nínú odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké pé òun ń rì. Èmi olùkọ́ ẹja wá fẹ́ ké bẹ́ẹ̀ lójú ta ni?

Ẹ gbọ́ o. Mi ò lu agogo sí èyí.

Ìyá mi kú nígbà iṣu tuntun. Èmi fúnra mi ni mo kéde ikú wọn, mo sì fi ẹ̀fẹ̀ sí i. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní Fáníyì yìí le o. Mo délé, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ẹni ń gún iyán. Oorun lọ. Adìyẹ wo ló fẹ́ sàba lórí irú àyà bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ní Ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì ti ń dán ìbéèrè mẹ́ta yẹn wò, wọ́n bi mí pé kí ló wà lọ́kàn mi. Mo ní "A dúpẹ́." Wọ́n tún bi mí. Ẹ̀ẹ̀meje! Nígbà tó di ẹ̀kẹjọ, mo wá a lẹ́nu mi, mo wá a lábẹ́ ahọ́n, ó ti tán. Ẹkún ni mo bá níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì dì mí lọ́wọ́ mú, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré, a ti dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán. Ká ní abẹ́ máńgòrò ló ṣì wà ni, mi ò bá ti já ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ mẹ́rin! Ibo lèèyàn fẹ́ sá sí láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́rin? Mo sunkún, páànù mì. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sùn.

Ó tán. Agogo yín rèé, mo gbé e sílẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn, kó jáde wá gbé e!

Kò sẹ́ni tó jáde? Ẹ̀yin ìjòyè ńkọ́? Kí lẹ ń wá nílẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ orí ba bẹ́ẹ̀? Bàbá Télọ̀, ẹ̀yin náà? Ẹ wo ojú yín!

Ẹ yà, ẹ yà, Bàbá Láwọyin ló ń bọ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ti gbé agogo. Ó tọ́ sí wọn, ẹ má bá wọn jà. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń nà á sí mi, Bàbá? Ẹ ní kí n gbà á? Ẹ ní kí n lù ú, kí n sọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba èèyàn fún yín?

Gbàǹgàn! Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì ni, Bàbá. Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ méjèèjì.

Ẹ ní kí lòní? Ọjọ́ Ẹtì ni. Ẹ ní ìgbà wo ni wọ́n ní kí èmi padà wá? Háà, Bàbá, ìyẹn ò sí nínú ìkéde. Ẹ ní ẹ fi ogún ọdún lu agogo, pé kò sí akéde tó ń kéde lọ́sàn-án gangan? Pé ìrọ̀lẹ́ là ń kéde, nígbà tí ará oko bá ti dé? Ẹ ní ṣé kì í ṣe pé mo wá fi agogo bo ara mi mọ́lẹ̀ kí àkókò mi lọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn lè kọjá?

Ẹnu Kábíyèsí ló ti wá, ẹnu mi ló gbà kọjá, etí yín ló sọ̀ sí! Mo ti lọ o!

Ẹ má lé mi! Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má lé mi! Kí lẹ ń pariwo? Ẹ ní ọ̀nà ilé mi kọ́ nìyí? Mo mọ̀! Ẹ ní ọ̀nà ilé ìwòsàn ni? Mo mọ̀! Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ẹsẹ̀ mi! Ẹ padà, gbogbo yín, ẹ padà!

Bàbá Láwọyin, ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀yin ẹ sáré díẹ̀ sí i. Bẹ́ǹṣì yẹn gba èèyàn méjì!