Àkọlé Ṣíjúadé àti Ewúrẹ́ Alága

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àkọlé kì í lé ewúrẹ́, ẹni tó mú pàṣán ní í lé e? Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n! Ẹ rò pé láyé ọjọ́un ni. Irọ́ ni o. Jáfà ló bí òwe yìí, èdè tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà.

Ṣíjúadé mọ Jáfà, ṣùgbọ́n àkọlé ló fẹ́ràn jù láyé. Ó lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé." Ọmọ́tárá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí òun náà gbọ́ Jáfà dáadáa, bi í pé, "Ilé-ìwé wo làwọn ewúrẹ́ náà lọ?" Ṣíjúadé ní kó má da òun láàmú.

Bàbá Ọmọ́tárá ni Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ó ti búra pé òun ò ní fọmọ òun fún ẹni tó ń wo dígí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, àfi bó bá fi dígí náà ṣe nǹkan gidi. Ló bá ní kí Ṣíjúadé ṣe ètò tí yóò máa fi ìkéde ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo ará ìlú. Bó bá yege, ó dìyàwó. Bí kò bá yege, ó dàbọ̀.

Ṣíjúadé ṣe é. Láti fi dán an wò, ó kọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín sínú rẹ̀: "Alága ti jí ewúrẹ́ gbé." Ó wá fi àkọlé lé e lórí bí wọ́n ti ń ṣe ní Jáfà: @MáFiRánṣẹ́.

Ọmọ́tárá yọjú wò ó. "Ta ni yóò ka èyí?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Ìwọ lo dá àkọlé yìí sílẹ̀ fúnra rẹ. Ṣé o ti kọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe bó bá rí i?"

"Ṣebí ó wà níbẹ̀ gàdàgbà! Ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni?"

Láàárọ̀ Sátidé, Ṣíjúadé tẹ bọ́tìnì kí ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó tó gbé tíì dé ẹnu, fóònù gbogbo ìlú ti dún: Alága ti jí ewúrẹ́ gbé.

Yéè! Ṣíjúadé sáré fi àkọlé mìíràn lé e, @MáFiRánṣẹ́Rárá, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún dún. Ó fi @Jọ̀ọ́ kún un. Ó tún dún. Ó fi @MoFiỌlọ́runBẹ̀Ọ́ kún un, ṣùgbọ́n ó ń kánjú, ló bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà yẹn, àwọn tí ewúrẹ́ wọn sọnù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti kó okùn dé ilé Alága. Ẹnì kan tí kò sin ewúrẹ́ rí láyé rẹ̀ ní méjì ni tòun.

Alága fa pàṣán yọ, ó di ilé Ṣíjúadé, Ọmọ́tárá ń sáré tẹ̀ lé e. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ewúrẹ́ Alága fúnra rẹ̀ ti wọ pálọ̀, ó ń jẹ bébà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ wọlé! Alága nà án lẹ́ẹ̀kan péré, ewúrẹ́ fò jáde. Alága wá kọjú sí Ṣíjúadé, tó ti wọ abẹ́ tábìlì.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún!" Ọmọ́tárá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó kọ ìlà mélòó kan sí i: kí kọ̀ǹpútà tó fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́, kó kọ́kọ́ wo orí rẹ̀, bó bá bá @MáFiRánṣẹ́ níbẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù kankan ò dún.

Alága wo ọmọ rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, ó mí kanlẹ̀. Ó na pàṣán sí Ọmọ́tárá.

"Mo gbà, fẹ́ ẹ. Àmọ́ ìwọ ni kó o máa mú èyí dání nílé yín."

Ṣíjúadé ò tiẹ̀ gbọ́. Ó ti ń wá bébà tí yóò fi kọ "Alága ò jalè" sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá tún mi orí yín wàyí: àkọlé kì í lé ewúrẹ́, ẹni tó mú pàṣán ní í lé e.