Ọmọ Màlúù Tí Mo Pè Lólè

Bí mo bá dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ Alámìsì kan ò ní kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí màlúù kan ń lá mi lórí bí ẹni pé òun ló bí mi, tí ọ̀gá mi sì káwọ́ sẹ́yìn, tó ń wò mí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Mo ti kàwé jáde ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ìmọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ni mo sì kà. Lẹ́yìn ìyẹn, odindi ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé wa ní Àtìkòrí, tí mò ń bá ìyá mi, Yèyé, ta gààrí. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí mo kà nílé ìwé, Yèyé á ti dáhùn kí n tó lanu. "Ẹran ni. Mo ní kó lọ kàwé, ó lọ ń ka ẹran." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, èmi á máa wọn gààrí. Mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé ẹran yìí kan náà ló máa sọ mí di ọ̀gá, bó pẹ́ bó yá.

Nígbà tí Alhájì kan tó ń ta pákó nílùú wa wá dá oko màlúù sílẹ̀ lójú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, mo gbé ìwé ẹ̀rí mi, ó di ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abo màlúù mẹ́wàá ló ní, gbogbo wọn ló ń tọ́mọ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa wọ́n jẹ. Ó fẹ́ máa fún wàrà lára wọn, kó máa tà á fáwọn tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá Fúlàní kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sámbò ló ń bá a fún un.

Alhájì wo ìwé ẹ̀rí mi níwájú, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Garawa kan ni Bàbá Sámbò ń gbé wá láràárọ̀," ló wí. "Mò ń lọ kí àwọn àna mi ní Ìlọrin, ó di ọjọ́ Jímọ̀ kí n tó dé. Bí mo bá dé tí mo bá garawa kan àbọ̀, ìwọ ni mánéjà oko yìí. Bí mi ò bá bá a, padà sídìí gààrí ìyá ẹ."

"Alhájì, ẹ lọ fọkàn balẹ̀," ni mo wí. "Garawa méjì lẹ máa bá."

Ta ló ní kí n sọ méjì? Ẹnu mi ni, kò sẹ́ni tó rán an.

Ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, mo da ìborùn borí, mo sì fín lọ́fínńdà sára, torí pé ẹni tó fẹ́ di mánéjà ò gbọdọ̀ máa rùn. Mo mú ìwé kékeré kan àti bírò, mo lọ dúró ti Bàbá Sámbò kí n wo bó ṣe ń ṣe é.

Inú ọgbà kékeré kan ló máa ń kó àwọn ọmọ màlúù sí di àárọ̀. Ó ṣí i, ó sì pe orúkọ abo màlúù dúdú kan: "Dúdúyẹmí!" Alhájì ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Dúdúyẹmí nìkan ló jáde nínú gbogbo wọn. Ó sáré dé abẹ́ ìyá rẹ̀, ó fi orí kan ọmú náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu, ìrù rẹ̀ ń jù fìrì-fìrì. Bàbá Sámbò jẹ́ kó mu díẹ̀, ó fà á kúrò, ó fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀. Bí ìyá ṣe tẹrí ba tó ń lá ọmọ lórí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá lóṣòó, tó fi orúnkún gbá igbá mú, tó ń fún wàrà. Orí ọmú méjì ló fún. Méjì tó kù, ó tú ọmọ sílẹ̀ kó lọ mu ún.

Méjì nínú mẹ́rin! Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé OLÈ, mo sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá," ni mo pè é, "ọmọ màlúù yìí ń jà wá lólè o."

Ó gbójú sókè. "Olè? Wàrà ta ló jí?"

"Wàrà Alhájì ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Mo wá ṣàlàyé fún un pé nínú àwọn oko ńláńlá lókè òkun, màlúù ò tíì bímọ tán tí wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ike ni ọmọ ti ń jẹun, ẹ̀rọ ló ń fún ìyá. Mo ní ó wà nínú ìwé, èmi fúnra mi ni mo kà á.

"Àǹtí," ló wí, "ìwé yẹn, ṣé màlúù ló kọ ọ́?"

Mo pa ìwé mi dé. Mo pàṣẹ pé ká kó gbogbo ọmọ màlúù lọ sí ilé pákó tó wà lódìkejì oko, ká ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Bàbá Sámbò bá mi kó wọn, kò bá mi jiyàn. Nígbà tó ṣe tán, ó kọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ àti fìlà rẹ̀ sára ìṣó, ó fi igbá sílẹ̀, ó gbé ọ̀pá lé èjìká. "Mò ń lọ sí gáà mi. Tó o bá wá mi, o mọ ọ̀nà." Inú mi dùn pé kò sẹ́ni tí yóò tún máa fi mí ṣẹlẹ́yà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó, mo lọ ra mílíìkì oníyẹ̀fun. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi: mò ń ra mílíìkì fún ọmọ màlúù kí wàrà ìyá wọn má baà dín. Mo pò ó mọ́ omi nínú bàsíà, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n kọ̀yìn sí i; koríko tí mo jù síbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ Dúdúyẹmí ló ṣojú àánú sí mi díẹ̀. Ó mu ìka mi, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ló bá mú etí ìborùn mi, ó ń jẹ ẹ́. Mo fà á, ó fà á. Nígbà tí mo fi máa rí ìborùn gbà, ó ti lu ihò. Àwọn yòókù ń ké, àwọn ìyá wọn ń dá wọn lóhùn lódìkejì oko, mi ò gbọ́ ohun tí mò ń rò mọ́.

Mo mú garawa, mo jókòó sábẹ́ Dúdúyẹmí. Mo fún un, mo fún un, ìka mi ń ro mí. Èyí tó kán sídìí garawa ò tó èyí tí Yèyé máa ń dà sínú ife tíì. Mo ní bóyá òtútù ni, mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá láti fi fọ ọmú rẹ̀. Bí aṣọ tí mo rì sínú omi náà ṣe kàn án báyìí, ẹsẹ̀ ló fi dá mi lóhùn. Garawa fò lọ bá ògiri, èmi jókòó sínú ìgbẹ́ màlúù. Ibẹ̀ ni lọ́fínńdà parí iṣẹ́ tirẹ̀ sí. Màlúù mẹ́sàn-án yòókù kò yàtọ̀.

Ọjọ́rú, mo gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ ẹ̀wù Bàbá Sámbò, mo dé fìlà rẹ̀, mo tún fọwọ́ gbá ọ̀fun kí ohùn mi lè ki. Dúdúyẹmí gbóòórùn mi látòkè délẹ̀. Ó fara balẹ̀, ó yí ìdí sí mi, ó tọ̀. Fìlà àti ẹ̀wù, kò sí èyí tó yọ nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ti wá Bàbá Sámbò lọ. Èmi kọ́. Bí mo bá rántí ohùn Yèyé níwájú oníbàárà, egungun mi á tún le. Ó ku ọjọ́ méjì, mo sì ti ní àrà mìíràn tí mo fẹ́ dá.

Láàárọ̀ Alámìsì, mo mú ìborùn tó ti lu, mo fi nu ọmọ Dúdúyẹmí lára dáadáa, títí òórùn ọmọ náà fi wọ inú aṣọ. Mo wé e mọ́rí. Mo lọ kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀, níbi tí Bàbá Sámbò máa ń so ọmọ mọ́, mo sì fi okùn so ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹsẹ̀ náà kó má baà rìn kúrò lọ́dọ̀ mi. Èrò mi ni pé tó bá ti ń lá mi, wàrà á sọ̀ kalẹ̀, màá sì fi ọwọ́ ọ̀tún fún un.

Ẹ ò ní gbà gbọ́, ó ṣiṣẹ́. Dúdúyẹmí gbóòórùn orí mi, ó dá ohùn kan, ohùn jẹ́jẹ́ tó wá láti ọ̀fun, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí àfi ọjọ́ Ajé tí ọmọ rẹ̀ jáde sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá mi. Ahọ́n màlúù ò yàtọ̀ sí kànrìnkàn tuntun, ó ń họ mí lórí, ó ń họ mí létí. Wàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó, tó, tó. Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Kò dé ibẹ̀. Iwájú ni mo wà, ẹ̀yìn lọmú wà. Ìwé tí mo kà ò sọ fún mi pé màlúù gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo nà, mo nà, ìka mi kan ṣoṣo ló kàn án, màlúù náà sì gbọ̀n rìrì.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọmú náà dáadáa. Ó wú, ó le, ó ń gbóná. Ó ti ń dun ún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi sì ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Ó tún dá ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, èmi ló wá bá níbẹ̀. Ojú tì mí, ó tì mí gan-an ni.

"Àsàláámù aláékùm," ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Alhájì ni. Ó ti fi ọjọ́ kan ṣáájú dé, ó sì mú ìyá kan tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì dání kó wá wo oko.

"Kí ni mò ń wò yìí?"

"Alhájì, ẹ káàbọ̀. Mo... mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

"Iṣẹ́ wo? Wọ́n ní kó o fún màlúù, o wá lọ so ara ẹ mọ́ ọn bí ọmọ!" Ìyá oníyógọ́ọ̀tì fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Alhájì ò rẹ́rìn-ín. "Garawa mi dà?"

Mo ń tú okùn ọwọ́ mi, irọ́ sì ti dé ètè mi. Bàbá Sámbò ò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. Kí n kàn ní ó fi wá sílẹ̀, ó sá lọ, tán, iṣẹ́ ṣì lè jẹ́ tèmi. Ni Dúdúyẹmí bá ké, tí ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn láti inú ilé pákó. Irọ́ náà padà sínú.

"Alhájì, èmi ni mo ba á jẹ́. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, wàrà ò sì wá. Ẹ jẹ́ kí n tú wọn sílẹ̀."

"Garawa kan àbọ̀ ńkọ́?"

"Kò ní sí i, Alhájì. Bí ọmọ bá ń mu, kò ní sí i láéláé."

"Tó o bá ṣílẹ̀kùn yẹn, kò sí mánéjà mọ́ o."

Mo ronú kan Yèyé. Mo ronú kan gààrí. Mo ṣílẹ̀kùn.

Ọmọ màlúù mẹ́wàá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Alhájì fi ara mọ́ ògiri, káfútáànì funfun rẹ̀ gba ìpín tirẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọ̀kan gba ààrin ìyá oníyógọ́ọ̀tì àti báàgì rẹ̀ kọjá. Kò sí èyí tó ṣi ìyá rẹ̀ mọ̀. Nígbà tó ṣe, oko náà pa lọ́lọ́, ìrù nìkan lẹ ó máa rí tó ń jù.

Mo jẹ́ kí ọmọ Dúdúyẹmí mu dáadáa kí n tó so ó. Mo lóṣòó, mo fún orí ọmú méjì, mo sì fi méjì sílẹ̀. Igbá Bàbá Sámbò kún dé ìdajì. Mo gbé e fún Alhájì. Ó wo igbá, ó wo ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó wo irun orí mi tí màlúù ti lá dúró.

"Lọ bẹ Bàbá Sámbò," ló wí níkẹyìn. "Bó bá gbà ẹ́, wàá máa bá a di okùn ọmọ màlúù. Mánéjà kọ́ o."

Mo bá Bàbá Sámbò níwájú ilé rẹ̀ ní gáà. Mo kúnlẹ̀. "Àǹtí," ló wí, "ṣé o ti mú olè náà?"

"Mo ti mú u, Bàbá. Èmi ni."

Mo fi fìlà rẹ̀ fún un. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó yára dá a padà. "Máa dé e lọ."

Iṣẹ́ okùn yẹn ni mo ṣì ń ṣe dòní, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ la ń tọrọ láràárọ̀, ẹni tó ń tọrọ kì í sì í pe ẹni tó ni ín lólè. Kò sí nínú ìwé mi. Mo ti fa ìlà pa OLÈ tí mo kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn kedere.

Nílé, ara agolo mílíìkì tí Yèyé fi ń mu gààrí, wọ́n ya màlúù kan tó dúró sórí koríko tútù, tó ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo máa ń gbé agolo náà, màá bi í pé, "Ọmọ rẹ dà?"

Yèyé á pariwo pe àwọn oníbàárà: "Ẹ wá wò ó o! Ẹran ló kà, ó ti ń bá agolo sọ̀rọ̀ báyìí."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì da díẹ̀ sórí gààrí mi, torí mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Ṣùgbọ́n màlúù ara agolo ò tíì dá mi lóhùn.