Ọkọ̀ Reuben Kọ̀, Kò Ṣeé Ṣan

Èmi Babájídé, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi fọ ọkọ̀ àbúrò mi Reuben, àfi èmi fúnra mi, lọ́jọ́ tí a ń lọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ rẹ̀ nílùú Oǹdó. Ṣebí èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni agbẹnusọ ẹbí, èmi náà ni mo ni ibi ìfọkọ̀ lójú ọ̀nà Oda ní Àkúrẹ́. Tíṣà àtijọ́ ni bàbá ìyàwó, kì í fẹ́ rí eruku lára bàtà. Mo ní yóò rí ojú ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ dúdú yẹn.

Wàhálà iṣẹ́ wa ni pé bí ìfófòó bá ti tètè ṣàn wálẹ̀, oníbàárà á ní omi lásán lo fi fọ ọkọ̀ òun. Mo bá yọ́ wọ ibi tí Ọmọ́tọ́lá ìyàwó mi ti ń po ọṣẹ olómi tó ń tà. Ó ní ìyẹ̀fun kan tó máa ń rẹ sómi kí ọṣẹ lè ki. Náítírósọ́ọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ṣíbí kan ló máa ń bù sí kẹ́ẹ̀gì kan.

Èmi da gbogbo ọ̀rá rẹ̀ sínú ọṣẹ ìfọkọ̀ mi.

Fùùùù! Mo fọ́n ọn sára ọkọ̀. Ìfófòó jókòó pẹ̀sẹ̀, kò mira. Àwọn èèyàn ń dúró ya fọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ọ̀gá, ikọ́ kankan ò sì ṣe mí.

Mo wá fi omi ṣan án. Ó hó sí i. Mo tún ṣan án, ó tún pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni omi ti tán nínú táǹkì, bẹ́ẹ̀ ni kò síná. Mo mú àkísà nù ún, ó ń fà bí ilá. Oòrùn là, gbogbo rẹ̀ gan mọ́ ara ọkọ̀, ó funfun báláú.

Reuben wo ọkọ̀, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, dúdú ni mo gbé wá."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, àna kì í wo ọkọ̀, ìwà ni wọ́n ń wò. A nu gíláàsì, a gbéra.

Òjò pàdé wa ní Ọ̀wẹnà.

Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí! Gbogbo ohun tó ti gan yẹn jí padà. Wáípà ń pò ó, ó ń ki sí i. Mo yọ orí síta kí n lè máa júwe ọ̀nà fún Reuben, ìfófòó bo orí mi, ó bo agbádá. Bí a ṣe wọ agboolé àna, ewúrẹ́ sá, agbẹnusọ tiwọn náà sá.

Bàbá ìyàwó nìkan ló dúró. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ẹ̀yin àna wa, ṣé ẹ ò lè fọ ọkọ̀ tán kí ẹ tó máa bọ̀ ni?"

Mo ní kí n dọ̀bálẹ̀ ṣàlàyé. Àyà ni mo fi yọ̀, yọ̀ọ̀ọ̀ọ̀, ó di ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ojú tì mí gan-an. Mo ní Reuben ti pàdánù ìyàwó nìyẹn. Àfi bí ìyá ìyàwó, Màmá Agnes, ṣe bu ìfófòó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó fi fọ ìkòkò kan. Ìkòkò ń dán. Ló bá ní kí wọ́n kó gbogbo abọ́ jáde. Kí òjò tó dá, wọ́n ti fi ọkọ̀ Reuben fọ abọ́ gbogbo agboolé.

"A ti gba ọkọ ìyàwó," ni Màmá wí. "Ẹ bá mi ṣan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó lè wọlé wá sọ̀rọ̀."

Wọ́n da odindi garawa omi kan lé mi lórí.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó.