Bọ́ọ̀lù Tí Kò Kí Àgbà

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mú wa la yìnyín já, tí egungun ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣẹ́. Ẹ fún mi létí díẹ̀.

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá. Béésìmẹ́ǹtì, ìyẹn yàrá ìsàlẹ̀ ilé Olóyè Bọ́ládé, Baálẹ̀ àwọn Yorùbá Scarborough nílùú òyìnbó, là ń pè láàfin o. Olóyè wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ lé e, nítorí hítà ilé náà ń ṣàìsàn. Alhaja Lateefat, nọ́ọ̀sì tí í ṣe igbákejì rẹ̀, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Táyọ̀ ló pe Àkànjí, ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, lẹ́jọ́.

Táyọ̀ ní àárín pápá ni wọ́n fi òun sí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí koríko ti hù, ẹsẹ̀ òun kò tíì kan bọ́ọ̀lù. Bí Ṣàkírù aṣọ́lé bá ti mú un, Àkànjí á ní kó gbá a lọ réré. Á fò lórí òun, á bọ́ síwájú. Òun á wá máa wòkè bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó ń retí mánà. Mánà tiwọn tiẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀.

"Olóyè, èmi ni mo dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ yìí. A kì í gba iwájú ilé àgbà kọjá ká má kí i. Bọ́ọ̀lù yìí ń gba orí mi kọjá, kò kí mi."

Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. Ó ní Oyíndà, ọmọ òun, wá wòran lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí wọ́n ṣe ń relé, ọmọ náà bi òun pé, "Daddy, are you the referee?"

Gbogbo èèyàn ààfin rẹ́rìn-ín. Táyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Sátidé ni àṣekágbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn Milton, Oyíndà sì tún ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ọmọ rẹ̀ rí bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀.

Olóyè kọjú sí Àkànjí. "Kí lo rí sọ?"

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, sà. Ọ̀wọ̀ ni mo bù fún Uncle Táyọ̀. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù síni, iṣẹ́ ló ránni: sáré, mú un, gbé e fún lágbájá. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi rán àgbà níṣẹ́? Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi kò gba bẹ́ẹ̀."

Wọ́n pe Ṣàkírù. Ó búra pé Uncle Táyọ̀ máa ń gba bọ́ọ̀lù dáadáa.

"Nígbà wo?" Alhaja bi í.

"Tí rẹfirí bá ti fọn fèrè ìparí, ma. Àwọn ló máa ń bá wa gbé e lọ sínú mọ́tò."

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, Àkànjí?"

Àkànjí bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Ṣàkírù yára fi kún un pé òun gbìyànjú rí. "Mo ní, 'Uncle, ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gba bọ́ọ̀lù yìí.' Kí n tó dé 'ẹ jọ̀ọ́', ọmọ ẹgbẹ́ Woodbridge tí à ń bá gbá kan ti gbá a wọlé."

"Kí ló dé tí o kò kàn ní, 'Táyọ̀, gbà'?"

Ṣàkírù wo Alhaja bí ẹni tí wọ́n ní kó na bàbá rẹ̀.

Olóyè wúkọ́, ó dájọ́.

"Táyọ̀, o jàre, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ ló ń ṣe ọ́. Kí o tó wọ pápá, fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹnikẹ́ni ló lè pè ọ́ lórúkọ, kó rán ọ níṣẹ́, wàá sì sáré jẹ́ ẹ. Ìwọ Àkànjí, bọ́ọ̀lù yòówù tó bá gba orí Táyọ̀ kọjá ní Sátidé, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, bí àwọn Milton tilẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ nílé wa. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Àkànjí, rán an kó bu omi wá."

Òógùn bo Àkànjí nínú òtútù. Ó bá na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ láti ilẹ̀ pé, "Táyọ̀, ẹ bá mi bu omi wá, sà."

Olóyè ní kó dìde, kó tún un ṣe. Àkànjí di ojú.

"Táyọ̀, omi!"

Ọ̀rọ̀ náà ba Táyọ̀ létí bí ìgbátí. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ á ṣa eyín rẹ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti gbéra. Ó rántí Oyíndà. Ó yíjú padà, ó sáré gun àtẹ̀gùn lọ bu omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ire tó jẹ́ tiyín kò ní fò yín ru. Ẹsẹ̀ yín ni yóò balẹ̀ sí. Àmín.