Bí Mo Ṣe Ti Ìbàdí Alhaja Mọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ kan wà tí mo ti bẹ Ọlọ́run títí pé kó jẹ́ kí n gbàgbé, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn. Ọjọ́ náà ni mo wọ trotro, ọkọ̀ akérò Accra, láti Madina lọ sí Tudu, tí ẹnu mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àbúrò ìyá mi lọ́wọ́.

Àbúrò ìyá mi yìí, Àǹtí Ràlíà, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Adabraka, èmi ni mo sì ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Gbogbo oníbàárà wa ló ní ojú ewé tiẹ̀ lórí ètò ìṣòwò kan tí a ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìwọ̀n àyà, ìwọ̀n ìbàdí. Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ló lè ṣí i wò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wa jókòó níbi tí wọ́n ti ń ta wàákyè, ìrẹsì ẹlẹ́wà, ó ń fi ìbàdí Alhaja Sàláwà ṣe yẹ̀yẹ́. Alhaja yìí ń ta ọṣẹ ní Tudu, òun ló sì mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa wá. Ó wá bá Àǹtí, ó ní bí òun bá tún gbọ́ ìbàdí òun lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun á kó aṣọ òun, òun á sì kó àwọn èèyàn òun lọ. Àǹtí ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Èmi ọ̀mọ̀wé bá ní kò sí ìyọnu. Mo ti wo fídíò kan nípa bí a ṣe ń ti àwọn nǹkan pa lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ètò náà. Orúkọ á wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ìwọ̀n á di rúdurùdu nínú kọ̀ǹpútà, ẹni tí a kò bá sì fún láṣẹ kò ní rí ju ìràwọ̀ lásán lọ. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, mo ti gbogbo rẹ̀ pa. Èmi nìkan ni mo fún láṣẹ. Ẹ má bi mí nídìí rẹ̀, agbára ń gun èèyàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bùrọ̀dá Wàsíù, olórí àwọn télọ̀ wa, figbe ta. Ètò náà ló máa ń bá a ṣírò iye yáàdì tí aṣọ máa gbà, àṣé kò lè ṣírò ohun tí a bá ti tì pa. Òdo ló ń gbé jáde.

"Òdo yáàdì? Chale, ṣé ìhòòhò ni Alhaja fẹ́ lọ kírun ni?"

Mo ní kó máa fi orí ṣírò. Láti ìgbà náà, télọ̀ tó bá fẹ́ gé aṣọ ní láti wá gbé etí sí mi lẹ́nu, kí n sọ ìwọ̀n fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Madina. Inú trotro ni mo wà tí mo ń bọ̀ nígbà tí Wàsíù pè mí. Aṣọ ọdún Alhaja ti wà lórí tábìlì, ṣọ́ọ̀kì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sọ ìbàdí Alhaja fún mi."

"Ẹ jẹ́ kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́."

"Mi ò mú gíláàsì mi wá. Sọ ọ́ jàre, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbà á."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mate, ọmọ ọkọ̀, ń pariwo "Tudu, Tudu!", àwọn tó kù ń sọ Twi. Mo ní nínú ọkọ̀ yìí, Yorùbá fúnra rẹ̀ tó kọ́kọ́rọ́. Mo yẹ ojú fóònù wò, mo rí iye náà.

"Méjìdínláàádọ́ta," ni mo sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Hẹ̀n? Mi ò gbọ́ dáadáa. Ṣé ti Alhaja ni àbí ti ẹlòmíràn?"

"Alhaja Sàláwà!" Mo gbé ohùn sókè. "Alhaja ọlọ́ṣẹ ti Tudu! Ìbàdí wọn, méjìdínláàádọ́ta! Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ o, kó má baà ya tí wọ́n bá foríkanlẹ̀!"

Ìyá kan tó fi ìborùn ńlá bora níwájú mi gan-an yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀. Alhaja Sàláwà ni. Àṣé mọ́tò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ fítà tó ń tún un ṣe.

"Ẹ káalẹ́ mà," ni mo wí, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì kan àtàrí.

Kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Mélòó ni ìbàdí tìẹ?"

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Mélòó? Sọ ọ́ ní Twi, kí gbogbo ọkọ̀ gbọ́. Bí o kò bá sọ ọ́, Adabraka ni mò ń lọ báyìí láti lọ kó aṣọ mi, àwọn èèyàn mi á sì tẹ̀ lé mi."

Mo ro ti Àǹtí Ràlíà. Mo ro ti àwọn télọ̀ tó ní ọmọ nílé. Mo mí kanlẹ̀, mo sì sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò gbọ́," ni Alhaja wí.

"Aduonum!"

Àádọ́ta gééré nìyẹn. Ó fi méjì ju ti Alhaja lọ. Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mate ò rántí pe ibùdókọ̀ mọ́. "Ei, Alata sister! Aduonum paa?" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana. Alhaja wò mí látòkè délẹ̀, ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu òun náà.

"Ìwọ gan-an ló yẹ kí Wàsíù jẹ́ kó fẹ̀ fún," ló wí, ó sì san owó ọkọ̀ mi mọ́ tiẹ̀.

Kò kó aṣọ rẹ̀ lọ, kò sì kó èèyàn kankan lọ. Mo fún Wàsíù láṣẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn tó ti kọ̀ǹpútà pa, kó kọ́kọ́ ti ẹnu ara rẹ̀, kó má sì rò pé òun nìkan ló gbọ́ Yorùbá ní Accra. Ní ti Tudu, bí mo bá kọjá níbẹ̀ báyìí, àwọn ọlọ́ṣẹ á na ọwọ́ sí mi: "Aduonum, káàbọ̀ o!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì dá wọn lóhùn. Kí ni mo tún fẹ́ tì pa?