Abẹ́rẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Mi Gbàgbé

Ọjọ́ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní, bí mo tilẹ̀ fẹ́ kó kúrò.

Ìwé mi ò ju sẹ́kọ́ńdìrì lọ. Mo fi oṣù mẹ́fà kọ́ kọ̀ǹpútà ní Sábó, ni mo bá sọ ara mi di ẹ́ńjínnìa. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Surulere ní kí n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí á máa rántí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ. Ọmọ kan, nọ́ńbà kan. Inú nọ́ńbà yẹn ni ohun márùn-ún tó dà bíi suìṣì iná wà, ọ̀kan fún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tọ́mọ bá ti gbabẹ́rẹ́, suìṣì ẹ̀ á tàn.

Àmì méjì ni mo mọ̀. |= á tan suìṣì; tó bá ti ń tàn tẹ́lẹ̀, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. ^= ńṣe ló ń yí i padà: èyí tó kú á tàn, èyí tó ń tàn á kú. Èyí ni mo mú, torí ó rí bíi fìlà lójú mi. Ẹ má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹtí Ṣadé, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ tó bá ti gbabẹ́rẹ́ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tíná dé, kò mọ ibi tó bá a dé, ló bá tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ látòkè, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Suìṣì tó ti tàn sì kú.

Màmá Nọ́ọ̀sì, ọ̀gá ibẹ̀, rí i tí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ò tíì gbabẹ́rẹ́, ó ránṣẹ́ pe àwọn ìyá àti èmi náà. Wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá kan ní, "Itan ọmọ yìí ṣì wú látìjẹta. Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di asẹ́ ni?"

Màmá Nọ́ọ̀sì yíjú sí Àǹtí Ṣadé. "Oorun lo ń sùn nídìí ẹ̀rọ yìí. Máa lọ sílé ẹ, má padà wá."

Àǹtí Ṣadé wò mí. "Ẹ́ńjínnìa, bá mi sọ fún wọn pé mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé àmì tí mo mú ló fà á. Mo kàn ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò." Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Mo jókòó, mo pààrọ̀ àmì kan péré, mo fi |= sípò ^=. Ìtìjú wá gbé mi dìde. Mo sáré bá a ní bọ́sítọ́ọ̀pù, mo bẹ̀ ẹ́, a jọ padà.

"Màmá, ẹ̀bi mi ni. Àǹtí ò ṣe nǹkan kan."

Màmá Nọ́ọ̀sì ní kí Àǹtí jókòó sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn ìyá fi mí rẹ́rìn-ín títí. Àǹtí Ṣadé nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O jẹ́ kí n dé bọ́sítọ́ọ̀pù kó o tó rántí pé o lẹ́nu."

Látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń tẹ iṣẹ́ mi wò kí n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn rọrùn. Kí n tètè lanu ni mo ṣì ń kọ́. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kì í pẹ́ lẹ́nu mi.